Ìrìn Àárọ̀ Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ilé Irin

Nọ́ọ̀sì ló ní kí ọkọ mi máa rìn. Mi ò bá a jà, ohun tí wọ́n kọ́ ọ níléèwé ló sọ. Bàdírù ni orúkọ ọkọ mi, Bàbá Hafeez ni mò ń pè é. Télọ̀ ni. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Sángo níbi tó ti ń rán jálàbíyà àti bùbá, tí yóò jókòó ti maṣíìnì láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀. Lọ́jọ́ tí òòyì kọ́ ọ, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ojú lé abẹ́rẹ́, mo fà á lọ sí ibùdó ìlera. Nọ́ọ̀sì Títílọlá we nǹkan mọ́ ọn lápá, ó fẹ́ ẹ, ó wò ó, ó tún un fẹ́, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Dáddì, BP yín ti ga gan-an. Ẹ máa lo oògùn yìí lójoojúmọ́, kì í ṣe ìgbà tí orí bá ń fọ́ yín nìkan o. Ẹ dín iyọ̀ kù. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ máa rìn láràárọ̀. Ìjókòó yẹn ti pọ̀ jù."

"Ìrìn lásán?" ni ọkọ mi wí, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí wọ́n ní kó wá gba ogún. "Ìyẹn ò le."

Ẹni tó bá mọ ọkọ mi yóò mọ̀ pé kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú àṣẹ. Bí ìmáàmù bá ní kí wọ́n ka àdúrà kan lẹ́ẹ̀mẹta, yóò kà á lẹ́ẹ̀méje, kó má baà jẹ́ pé ó ṣì í kà. Iyọ̀ tí nọ́ọ̀sì ní ká dín kù, ńṣe ló ní kí n kó gbogbo rẹ̀ jáde nílé. Ọbẹ̀ mi wá dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò. Mo fara mọ́ ọn. Ta ló fẹ́ di opó nítorí iyọ̀?

Ibi tí yóò ti máa rìn ni ìṣòro. Ilé wa wà lẹ́yìn Sángo, ní àdúgbò kan tí a ra ilẹ̀ rẹ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ igbó. Ilé-iṣẹ́ ńlá tó wà níwájú ilẹ̀ náà ni ẹni tó tà á fún wa fi polówó rẹ̀. Ó ní ibi tí ilé-iṣẹ́ bá wà, iná á wà, ọ̀nà á wà. Kò purọ́. Irin ni wọ́n ń yọ́ níbẹ̀. Tírélà á kó àwókù mọ́tò àti páànù tó ti dípẹtà wọlé, wọ́n á yọ́ ọ, wọ́n á sọ ọ́ di irin ìkọ́lé. Gbogbo òpópónà tó kù ládùúgbò wa, kòtò àti ẹrẹ̀ ni, ọ̀kadà pàápàá ń bẹ̀rù wọn. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó ní ọ̀dà, tó tẹ́jú, tó gbòòrò, ni èyí tí ilé-iṣẹ́ náà ṣe fún àwọn tírélà rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ibẹ̀ ni ọkọ mi yàn.

Bó bá ti kírun àsùbáà tán, yóò wọ bàtà kánfáàsì rẹ̀, ó di ojú ọ̀nà. Ìdájí náà sì ni ilé-iṣẹ́ máa ń tú èéfín sílẹ̀. Ìdí tó fi jẹ́ ìdájí, mi ò mọ̀. Àwọn kan ní nítorí pé àwọn tí ìjọba ń rán wá wò ó kì í tètè jí ni. Èéfín náà pọ́n bí ìpẹtà, ó sì wúwo. Kì í gòkè lọ bíi ti iná igi. Ńṣe ló máa ń rọra sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri, tí yóò tẹ́ ara rẹ̀ sórí ọ̀dà. Ariwo irin tó ń ṣubú lu irin kì í dákẹ́, ilẹ̀ yàrá wa sì máa ń gbọ̀n lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ wa. Ìgbà tí àlejò bá sùn sọ́dọ̀ wa nìkan la máa ń rántí pé ó ń gbọ̀n.

Kò pẹ́ tí àwọn ọkùnrin àdúgbò fi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e. Ògúnlàdé, alága àwa onílé, ló kọ́kọ́ dara pọ̀, ikùn rẹ̀ á ti máa ṣíwájú rẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, wọ́n di ẹgbẹ́. Ẹ mọ àwa Yorùbá, bí a bá ti pé mẹ́ta, a ti yan akápò. Wọ́n fi ọkọ mi ṣe olórí ìrìn, ó sì gba oyè náà tọkàntọkàn. Wọ́n á máa ju apá, òun á sì máa pariwo fún wọn pé, "Ẹ fà á sínú! Ẹ tú u síta!" Èmi á dúró lójú fèrèsé, n ó máa wo àwọn ọkùnrin wa bí wọ́n ti ń wọnú èéfín pupa yẹn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí n kò fi ní rí wọn mọ́, tó fi máa ku ohùn wọn nìkan. Àyà mi kì í balẹ̀ àfi ìgbà tí wọ́n bá yọ padà.

Oṣù mélòó kan kọjá, a padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Nọ́ńbà tó rí ga ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Ṣé ẹ ń lo oògùn?"

"Mi ò pa á jẹ rí," ni ọkọ mi wí. Òótọ́ ni, èmi ni mò ń bu omi fún un.

"Ṣé ẹ ń rìn?"

"Èmi? Èmi ni olórí ìrìn!"

Nọ́ọ̀sì pa oògùn náà dà sí èyí tó le jù ú lọ, ó sì ní kó fi kún ìrìn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ ti mọ irú ẹni tí ọkọ mi jẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan tó ń yí ògiri ilé irin ká tẹ́lẹ̀ di ẹ̀ẹ̀mẹta.

Láàárín ìgbà náà ni Ògúnlàdé jókòó lójijì lẹ́bàá ògiri lówùúrọ̀ kan, tó ní àyà ń fún òun. Wọ́n fi í ṣe ẹlẹ́yà pé ikùn ló ń fún un. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó dìde, ó bá wọn parí rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n bá a nílẹ̀ nínú balùwẹ̀ rẹ̀, ara rẹ̀ ti tutù. Àwọn kan ní ata tó ń jẹ ló pọ̀. Àwọn kan ní ìyàwó rẹ̀ kékeré ni. Àwọn àgbà kan sọ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ní Ọ̀tà ni, wọ́n fojú ṣe é fún ara wọn, wọ́n ò wí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó gbójú sókè wo èéfín. Kí n sì tó sọ pé mo ń bọ̀, ẹgbẹ́ ti ṣe ìrìn àkànṣe lójú ọ̀nà kan náà láti fi bu ọlá fún un. Mo káwọ́ lérí lójú fèrèsé mi.

Ní ìparí ọdún, àbúrò bàbá ọkọ mi kú ní Ìwó, ọkọ mi sì lọ síbẹ̀, ó lò tó ọ̀sẹ̀ méjì. Kò rin ìrìn àárọ̀ kankan. Ó jẹ ẹran, ó jẹ iyọ̀, ó jókòó sábẹ́ igi pẹ̀lú àwọn ẹbí rẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ àtijọ́. Nígbà tó dé, tí a kọjá sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, BP rẹ̀ ti wálẹ̀ débi tí ọmọbìnrin náà fi rò pé ẹ̀rọ òun ló bà jẹ́. Inú mi dùn tó fi jẹ́ pé mo di ọkọ mi mọ́ra lójú gbogbo èèyàn.

"Bàbá Hafeez, ṣé ẹ rí i? Èéfín yìí ni. Ariwo yìí ni. Ẹ jẹ́ ká kúrò níbẹ̀."

Fóònù ló mú, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Ìwó, ó ń fún un ní ìròyìn ayọ̀. Àṣìṣe ibẹ̀ nìyẹn.

Àdìzát ni orúkọ ẹ̀gbọ́n náà, ṣùgbọ́n ìyàwó ilé kì í pe ẹbí ọkọ lórúkọ. Ìyá Ìwó ni mò ń pè é. Kí ọ̀sẹ̀ tó yípo, ó ti dé pẹ̀lú báàgì rẹ̀, ó sì pè wá jókòó sórí ẹní ní pálọ̀.

"Ìyàwó, mi ò wá bá ọ jà o. Àbúrò mi wà ní Ìwó, ara rẹ̀ balẹ̀. Níbí, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Kí ló wà níbí tí kò sí ní Ìwó?"

"Ilé irin ni, mà," mo wí lórí ìkúnlẹ̀. "Wọn ò jẹ́ kó mí, wọn ò jẹ́ kó sùn."

"Ilé irin ò sí nínú yàrá yín. Ìwọ ló wà níbẹ̀. Naimat, ọ̀rọ̀ rẹ pọ̀. Bí kò bá sì jẹ́ ẹnu rẹ ló ń dún, jẹnẹrétọ̀ ẹja rẹ ni."

Ẹja tútù ni mò ń tà níwájú ilé, bí iná bá sì lọ, jẹnẹrétọ̀ ló ń bá mi gbé fíríìsà. Ẹnu mi náà kì í sinmi, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀, mi ò tíì rí aṣọ funfun tí ọ̀rọ̀ mi sọ di pupa lórí okùn. Mo wo ọkọ mi pé kó gbà mí sílẹ̀. Ẹní ló ń wò.

"Kò sẹ́ni tó lé ọ o," ni ọkọ mi wí. "Bóyá ká kàn dán an wò fúngbà díẹ̀. Lọ sinmi lọ́dọ̀ àbúrò rẹ ní Ìjókò."

Ó dùn mí ju bí ì bá ti gbá mi létí lọ. Ohun tó tún dùn mí jù ni pé mo mọ ohun tó ń rò. Ó sàn fún un kó jẹ́ èmi. Bí kò bá jẹ́ èmi, ilé ni, ilé tó fi abẹ́rẹ́ àti òwú kọ́ fún ọdún gbọọrọ, tó fi kúrò nínú yàrá kan tí àwa àtàwọn èèyàn jọ ń du balùwẹ̀. Ẹni tó ti di onílé kì í fẹ́ gbọ́ pé kó padà di ayálégbé. Ìyàwó ṣeé rán lọ sí Ìjókò. Ilé ò ṣeé rán níbì kankan.

Kí n tó lọ, mo bẹ̀ ẹ́ pé bí yóò bá rìn, kó máa rìn yí ilé po.

"Ṣé kí n máa pòòyì bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀?" ló fi dá mi lóhùn.

Mo gba ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì kọjá. Mo bi í léèrè bóyá èéfín lè gbé BP ga.

"Mọ́mì, ó lè ṣe é," ló wí. "Ariwo náà lè ṣe é, pàápàá tí kì í bá jẹ́ kéèyàn sùn. Mi ò lè búra pé òun nìkan ni o. Ṣùgbọ́n ibo gan-an ni Dáddì ti ń rìn?"

Mo sọ fún un. Ó gbé ọwọ́ lé ẹnu.

"Wọn ò sọ fún mi."

"Ẹ ò bi wọ́n."

"Mi ò bi wọ́n lóòótọ́," ló wí, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. Níṣojú mi ló pe ọkọ mi, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ọ̀nà yẹn sílẹ̀, ọkọ mi sì ń dáhùn pé ó dáa, ó dáa. Ìgbà tó yá ni mo gbọ́ pé Ìyá Ìwó ní ẹja ni mo fi ra nọ́ọ̀sì.

Nílé Mọ̀nsúrát àbúrò mi ní Ìjókò, nǹkan kan jí mi kalẹ̀ ní ìdájí àkọ́kọ́. Mo rò pé aburú kan ti ṣẹlẹ̀. Mo gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀, ilẹ̀ náà ò gbọ̀n. Ìdákẹ́jẹ́ ló jí mi. Mo gbọ́ tí àkùkọ kọ lọ́nà jíjìn, mo sì bú sẹ́kún, torí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo ti gbọ́ àkùkọ gbẹ̀yìn.

Ọkọ mi máa ń pè mí láàárọ̀ bó bá ti rìn tán. Ẹ̀mí ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́, híì, híì, kí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e.

"Èmi àti ẹ̀gbọ́n la jọ rìn. Ó ń gbìyànjú fún àgbàlagbà."

"Ẹ ti lọ wo BP yín?"

"N ó lọ."

"Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé ẹ ó fi ọ̀nà yẹn sílẹ̀."

"Naimat, jẹ́ kí n gbádùn."

Ó gbà pé òun ń sàn. Mo ń gbọ́ nínú mímí rẹ̀ pé kò sàn. Ìdùnnú tó wà lóhùn rẹ̀ ló sì ń bà mí lẹ́rù jù, bí ìgbà tí èèyàn ń kọrin lọ sójú odò tí kò mọ jíjìn rẹ̀. Mo lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láti bẹ̀ ẹ́, Ìyá Ìwó ò jẹ́ kí n kọjá pálọ̀. Ó ní a ò tíì dán an wò tán. Ó so gèlè mọ́ orí gírígírí nígbà tó ń sọ ọ́, ó ń fi ìka tẹ ìpàkọ́ rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ kan, fóònù mi dún ní àkókò tó máa ń pè. Mo gbé e, mo ń retí mímí rẹ̀. Ohùn ọkùnrin mìíràn ló bá mi sọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣọ́ géètì ilé irin ni.

"Màdáámù, nọ́ńbà yín la rí lókè nínú fóònù wọn. Bàbá yìí ti ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè máa bọ̀."

Ní ọsibítù kan ní Ọ̀tà, ó là á já, àmọ́ apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti rọ, ọ̀rọ̀ ò sì jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Dókítà ní bí irú rẹ̀ bá tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, òun ò rò pé yóò yè é. Ìyá Ìwó dúró tì mí ní kọ̀rídọ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀.

"Ìrònú rẹ ló dá a dùbúlẹ̀. O lọ jókòó sí Ìjókò, o fi í sílẹ̀."

Mo wà nílé, èmi ni. Mo kúrò nílé, èmi náà ni. Inú bí mi débi pé ojú mi ṣú. Ọkọ mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá, ó ń wò wá gba ẹnu ilẹ̀kùn pẹ̀lú ojú kan tó là dáadáa, mo sì wọlé lọ bá a.

Nígbà tí wọ́n ní ká máa lọ, mo padà sílé. Kò sẹ́ni tó tún dábàá Ìjókò fún mi. Dókítà ti sọ pé kí aláìsàn máa rí atẹ́gùn, Ìyá Ìwó sì mú un bí àbúrò rẹ̀ ì bá ti mú un. Ní ìdájí, kí n tó kírun tán, yóò ti gbé e jáde sórí àga ní faráńdà, yóò kọ ojú rẹ̀ sí ọ̀nà ọlọ́dà. Àwọn tó kù nínú ẹgbẹ́ á kọjá, wọ́n á gbé ọwọ́ sókè fún un.

"Olórí wa! A ń retí yín o!"

Lẹ́yìn náà wọ́n á wọnú èéfín lọ. Mo gbé àga náà wọlé, Ìyá Ìwó gbé e jáde. Mo tún gbé e wọlé, ó tún gbé e jáde. Ọkọ mi ò lè sọ èyí tó fẹ́.

Nọ́ọ̀sì Títílọlá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá wò ó nílé. Ó wọn ọ́n, kò sì sọ nọ́ńbà náà sókè, ó kàn fi hàn mí. Ó ti padà síbi tó wà kí ọkọ mi tó lọ sí Ìwó, pẹ̀lú gbogbo oògùn náà. Ìyá Ìwó wá na apá tirẹ̀.

"Wọn tèmi náà, kó o rí ara tó dáa. Ọmọ oko ni mí."

Nọ́ọ̀sì wọn ọ́n. Ó ní kó na apá kejì, ó wọn ìyẹn náà.

"Mọ́mì, ṣé ẹ ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀?"

"Èmi kẹ̀? Ṣáájú kí n tó wá síbí ni wọ́n wọn gbogbo wa ní mọ́ṣáláṣí. Wọ́n ní tèmi dà bíi ti ọmọge."

"Ó ti ga bíi ti Dáddì. Ṣé orí kì í fọ́ yín?"

Ìyá Ìwó yí ojú sí ọ̀nà ọlọ́dà, ó wò ó pẹ́. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé ìyàwó rẹ̀ ló fà á, torí kò níyàwó. Ó bọ́ sínú yàrá, mo gbọ́ tó ń fa báàgì, mo rò pé tirẹ̀ ló ń dì. Ìgbà tó jáde ni mo rí i pé aṣọ ọkọ mi ló kó jáde.

"Ìyàwó, pe mọ́tò. Gbé e lọ sí Ìjókò. Kó má sùn síbí lónìí."

Kò tọrọ àforíjì, èmi náà ò sì dúró dè é.

Mọ́tò dé kí ìrun ọ̀sán tó kọjá. Èmi di ọkọ mi mú lábíyá, Ìyá Ìwó àti dẹ́rẹ́bà gbé ẹsẹ̀. A gba pálọ̀ kọjá dáadáa. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ wá yé e. Ọwọ́ òsì rẹ̀, èyí tó kù, fò sókè, ó di òpó ilẹ̀kùn mú. Ohùn kan jáde lẹ́nu rẹ̀ tí mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

"Àbúrò mi, jọ̀ọ́," ni Ìyá Ìwó ń wí. "Jọ̀ọ́, jọ̀ọ́."

"Bàbá Hafeez, ilé ò ní sá lọ," ni mo wí sí i létí. "Ẹ̀yin ni mò ń wá. Ẹ̀yin ni mo fẹ́."

Ojú rẹ̀ ń wò mí, omi kún un, ó mọ̀ mí, ó sì gbọ́ mi. Kò tú ọwọ́. Gbogbo agbára tó ṣẹ́ kù nínú ara rẹ̀ ló kó síbẹ̀. Níta, tírélà kan ń wọ ilé irin, òpó tó dì mú ń gbọ̀n, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n pẹ̀lú rẹ̀. Mo ní kí wọ́n rọra gbé e kalẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn ìka rẹ̀, láti orí èyí tó kéré jù. Bí mo bá ti tú ọ̀kan tí mo bọ́ sórí èkejì, ìka àkọ́kọ́ á tún padà di òpó mú.